Èjìdé Pe Àdán Padà Wálé

"Ẹ jẹ́ ká gé e," ni Sàláúdéènì wí. "Igi tí kò so, kí ló ń gba ilẹ̀ fún?"

Ìpàdé ẹbí ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Oníyanrìn, ní oṣù kejì lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Sàláúdéènì yìí ń ta páànù l'Ọ́jà'ba, owó sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àáfà Àkíbù, àbúrò baba wọn, ni baálé. Baálé lórúkọ ni o. Ẹni tó fi páànù tuntun bo ilé lórí, tirẹ̀ ni ará ilé ń gbọ́. Bí Sàláúdéènì bá ní òjò ń rọ̀ nínú ọyẹ́, àwọn kan nínú wọn á sáré lọ ká aṣọ.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò pamọ́. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé, igi irú tí ìyá baba wọn gbìn ló sì dúró sáàárín ibẹ̀, tí kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ṣeé kọ́.

Abẹ́ igi náà ni ààrò Èjìdé wà. Èjìdé ni àbúrò Sàláúdéènì, ọmọ baba kan náà, ìyá ọ̀tọ̀. Èso igi yẹn ló ń kó, tó ń sè, tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń fọ̀ lódò, tó ń bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi di irú. Ẹni tó bá fi irú Èjìdé sebẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ra ti ẹlòmíràn mọ́. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ béèrè l'Ọ́jà'ba. Ọdún kẹfà rèé tó ti padà sílé baba rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Kùmásì. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò nílé ọkùnrin náà lẹ́bàá Mápó láìgbọ́ ẹkún ọmọ, ni ìyá ọkọ bá di ẹrù rẹ̀ fún un, ó ní òun kò lè máa bọ́ àgàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní dálémosú.

Sàláúdéènì sì ti rí bàbá arúgbó kan ní abà, ẹni tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, tó ń wá obìnrin tí yóò máa gbé omi gbígbóná fún òun láàárọ̀. Igi irú yìí nìkan ló ń jẹ́ kí Èjìdé lè gbójú sókè sọ pé òun kò lọ. Ẹni tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó tún ń fi irú bọ́ ìdajì agboolé, ta ni yóò tì í síta? Ẹ gé igi náà lónìí, Èjìdé ti dé abà lọ́la.

Ló bá dìde láàárín ìpàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, igi yìí kò yàgàn," ló wí. "Àwa la lé àdán lọ. Láti ìgbà tí àdán ti lọ ni kò ti so dáadáa mọ́."

Ẹ̀rín bú. Àṣàkẹ́, ìyáálé Sàláúdéènì, fọwọ́ gbá itan. "Ẹ gbà mí o! Èjìdé ní àdán ló ń fún igi lóyún! Ẹni tí kò bí rí ló wá mọ bí igi ṣe ń bí!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Èjìdé lára dé egungun, ṣùgbọ́n kò jókòó. Kì í kúkú ṣe pé ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ àdán yìí. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀pẹ mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé kún fún àdán. Abẹ́ imọ̀ gbígbẹ tó rọ̀ wálẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án. Bó bá di àṣálẹ́, wọ́n á tú jáde. Ní ọjọ́ kan, Sàláúdéènì wọ agbádá funfun, ó ń lọ sípàdé ní gbọ̀ngàn Mápó, àdán kan sì su sí i lẹ́yìn. Kò mọ̀. Ó la ọjà kọjá, ó gun òkè Mápó, ó jókòó láàárín àwọn ẹni ńlá pẹ̀lú ìgbẹ́ àdán lẹ́yìn aṣọ. Ìgbà tó dìde láti sọ̀rọ̀ ni àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó kúkú yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe délé, ó ránṣẹ́ pe Japheth, akọpẹ ará Mọ́lété, ó ní kó gé gbogbo imọ̀ gbígbẹ kúrò lórí ọ̀pẹ, kó sì máa wá gé e lọ́dọọdún. Ó ní kí gbogbo ará ilé máa lu àlòkù páànù ní ìrọ̀lẹ́ títí àdán yóò fi ká ẹrù rẹ̀. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí gbogbo ilé gbà gbọ́: ó ní àdán ló ń mu omi dídùn inú òdòdó igi irú, pé bí wọ́n bá lọ, èso yóò di ìlọ́po méjì. Èjìdé gbọ́ "ìlọ́po méjì," ó sì lu páànù ju gbogbo wọn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, àdán lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi yọ òdòdó pupa roboto-roboto, ó yọ ọ́ débi pé ewé kò hàn, ṣùgbọ́n èso kò tó agbọ̀n márùn-ún. Ní ọdún kejì, agbọ̀n kan. Ní ọdún kẹta, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló so, èyí tó nà kọjá ògiri sí ọgbà Louisa, ìyá Aládùúrà tó ń gbé lẹ́yìn wọn. Louisa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igi máńgòrò rẹ̀. Ó ní ẹ̀dá Ọlọ́run ló ń sùn sínú rẹ̀, òun ò sì ní lé àlejò Ọlọ́run.

Ibẹ̀ ni Èjìdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀ka yẹn nìkan? Ó wá rántí pé nígbà òdòdó, ẹ̀ka yẹn nìkan ni òun ti ń rí àdán, mẹ́rin, márùn-ún, láti inú máńgòrò Louisa. Wọ́n á ki orí bọ òdòdó kan, wọ́n á fò sí òmíràn, ìyẹ̀fun òdòdó á bò wọ́n lójú. Ó yé e wàyí. Àwọn tí wọ́n ń pè lólè, alárenà ni wọ́n. Alárenà a máa jẹ nínú oúnjẹ ìyàwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì?

Gbogbo èyí ló là kalẹ̀ níwájú ìpàdé. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Sàláúdéènì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí ọ̀nà tí òun lè gbà parí ọ̀rọ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Pe àdán rẹ wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí n kò rí èso lórí igi yìí, màá gé e, ìwọ náà á sì lọ bá ọkọ tí mo bá fi ọ́ fún. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Bó bá so ńkọ́?"

Sàláúdéènì kò ronú débẹ̀. Àáfà Àkíbù ló fi ohùn wẹ́lẹ́ dá sí i. "Bó bá so, igi dúró, Èjìdé dúró. Gbogbo wa la jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àdán wálé láàárín ìgboro Ìbàdàn, tí gbogbo agboolé ń fi í ṣẹ̀sín.

Japheth ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú igbà àti àdá, láti wá gé imọ̀ gbígbẹ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó bá Èjìdé nídìí ọ̀pẹ, tó jókòó tì í, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ìyá Onírú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí n ráyè gùn ún."

"Gùn ún. Orí mi ni kó o gbà gùn ún."

"Bàbá ló rán mi níṣẹ́ o."

"Lọ sọ fún Bàbá pé o bá èèyàn nídìí ọ̀pẹ. Bó bá fẹ́ gé mi mọ́ ọn, kó wá fúnra rẹ̀."

Japheth wò ó títí, ẹ̀rín pa á. Ó ká igbà rẹ̀ sọ́rùn, ó lọ bá Sàláúdéènì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní inú rírun kò jẹ́ kí òun lè gun ọ̀pẹ láti àárọ̀. Inú rírun náà kò sì sàn títí ọyẹ́ fi parí.

Imọ̀ tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan, nítorí ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń gé e. Èjìdé wá àkísà ẹní, ó so ó rọ̀ mọ́ ọrùn ọ̀pẹ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lórí àkàbà, kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Ó so ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀ jù àti ìbẹ́pẹ mọ́ ẹ̀ka. Ó da omi sínú ìkòkò fífọ́, ó gbé e lé orí ògiri. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe é.

Ẹyẹ ẹ̀gà ló kọ́kọ́ gbọ́ ìpè. Wọ́n rí omi, wọ́n rí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lé wọn, ni wọ́n bá ya dé, bí wọ́n ṣe ń ya imọ̀ tútù sí tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi hun ìtẹ́. Imọ̀ tí wọ́n ya tán á gbẹ, á sì rọ̀ wálẹ̀, àfi bí ẹni pé Èjìdé ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo! Èèyàn méjì kò lè sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má pariwo. Àṣàkẹ́ lọ fẹjọ́ sun Àáfà Àkíbù, ó ní ẹyẹ Èjìdé kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìpè ìrun mọ́.

"Ìwọ," ni Àáfà wí, "tó jẹ́ pé látẹ̀yìnwá, nígbà tí kò sí ẹyẹ, mi ò rí ọ nídìí ìrun Àsùbáà? Ìpè wo lo fẹ́ gbọ́?"

Wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀sìn gbà kí èèyàn máa kó àdán jọ. Ó ní jíjẹ ni àwọn kì í jẹ ẹ́, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kó má sùn sórí ọ̀pẹ.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé yóò ká Èjìdé lápá kò. Wọ́n ní obìnrin tí kò bímọ, tó ń dá oúnjẹ fún ẹyẹ, tó ń bá àdán sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń pe irú rẹ̀? Àṣàkẹ́ sọ ọ́ síta níbi tí wọ́n ti ń pọnmi. Èjìdé gbé korobá kalẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń jẹ irú mi," ló wí. "Bí mo bá jẹ́ àjẹ́, ẹ ti jẹ ẹ́ yó. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù, kó máa se ọbẹ̀ láìsí irú láti òní lọ, ká jọ wo ohun tí ọkọ rẹ̀ máa sọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó kékeré Sàláúdéènì wá ra irú. Ẹ wo ayé.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, àyà Èjìdé ń já. Ẹyẹ dé, àdán kò dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, eṣinṣin nìkan ló ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àwọn òdòdó kéékèèké tí kò tíì là ti ń yọ. Ó ń dìde ní ìdájí, ó ń wo abẹ́ ọ̀pẹ bóyá òun á rí ìgbẹ́ tuntun, asán ni. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìbòrí nu ojú, ó tún so ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn. Louisa ní kó máa kó èso tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà òun, kó máa tò ó lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí máńgòrò dé orí ògiri, láti orí ògiri dé ìdí ọ̀pẹ. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun màgàríbà ọjọ́ Jímọ̀ kan ló rí àkọ́kọ́. Ó balẹ̀ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fìyẹ́ bora, ó ń jẹ. Èjìdé kò mí. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ta. Nígbà tí oṣù yóò fi lé, wọ́n ti kúrò ní ohun tí èèyàn ń kà. Wọ́n dorí kodò lábẹ́ imọ̀ tí ẹ̀gà yà, wọ́n ń sùn, bó sì ti ń di àṣálẹ́, orí igi irú ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó lọ ibòmíràn. Òdòdó tó ti là pátá ni wọ́n ń ki orí bọ̀, ojú wọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ fún ìyẹ̀fun.

Ìgbẹ́ wọn pọ̀, ẹ má dàn án wò. Láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, Èjìdé á ti gbálẹ̀, á ti fọ ògiri, á ti da ohun tó gbá jọ sídìí igi. Kò fẹ́ kí wọ́n rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n á fi mú òun.

Òjò wá tètè rọ̀. Ní ọdún yẹn, kò dúró de àsìkò rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ló dédé ṣú, ó sì rọ̀ gidi. Òdòdó igi irú ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tán ni. Gbogbo ohun tó ń rọ̀ lórí igi kò ju róbótó dúdú gbígbẹ lọ. Èjìdé ti ń gbójú sókè láti àárọ̀ títí ọrùn fi ń dùn ún, ewé sì pọ̀ jù, òkè sì jìn jù, kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Alámìsì, ilẹ̀ ṣì tutù, Sàláúdéènì dé pẹ̀lú Japheth àti àáké. Gbogbo ilé jáde. Àáfà Àkíbù jókòó sórí àpótí.

"Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀," ni Sàláúdéènì wí. "Ẹ gbójú sókè, ẹ fi èso hàn mí."

Kò sẹ́ni tó rí èso. Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ jẹ́ kí Japheth gùn ún kọ́kọ́," ni Èjìdé wí. "Ìlérí tí a ṣe ni pé bó bá so. A kò sọ pé ìsàlẹ̀ la ó ti wò ó."

"Òótọ́ ni," ni Àáfà wí. "Japheth, gùn ún."

Japheth fi àáké sílẹ̀, ó gun igi lọ títí ewé fi bò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè.

"Yéè! Ẹ gbà mí!"

"Kí ló dé?"

"Wọ́n wà níbí! Gbogbo ẹ̀ka ni! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní igi yìí kò so?"

Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú igi òdòdó gbígbẹ kan lẹ́nu. Lára róbótó dúdú náà ni èso kéékèèké ti yọ, ó lé ní mẹ́wàá, aláwọ̀ ewé, wọn kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Ó gbé e fún Àáfà Àkíbù, wọ́n ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àṣàkẹ́ náà gbà á, ó wò ó, ó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Sàláúdéènì kò tilẹ̀ gbà á wò.

"Japheth, gé e."

"Bàbá?"

"Mo ní gé e! Bíríkì ti dé sójú ọ̀nà, bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la. Ṣé nítorí èso kéékèèké wọ̀nyí ni n ó fi dá iṣẹ́ dúró?"

"Bàbá," ni Japheth wí, "igi àgàn lẹ ní kí n wá gé. Èyí lóyún. N kò lè gé aboyún." Ó sì kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àáké fúnra rẹ̀. Ó rìn dé ìdí igi. Èjìdé ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti igi náà, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kúrò níbẹ̀, Èjìdé."

"N kò kúrò. Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́ta lẹ fi pe igi yìí lágàn. Àwa la lé àwọn tí ì bá bá a wá èso lọ, èmi náà wà níbẹ̀, mo lu páànù. A lé wọn tán, a yí padà, a ní igi ni kò dáa. Mo ti rojọ́ fún igi yìí. Ẹ gbọ́ tèmi náà lónìí."

Kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àáfà Àkíbù dìde lórí àpótí.

"Ọdún mẹ́sàn-án tí mo lò nílé ọkọ," ni Èjìdé wí, "oṣù méje péré ni ọkọ mi fi sùn nínú ilé náà. Kùmásì ló wà. Ó fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, ó bímọ mẹ́rin síbẹ̀. Èmi ń pọnmi fún ìyá rẹ̀, mo ń fọ aṣọ ìyá rẹ̀, yàrá ìyá rẹ̀ ni mò ń sùn. Ìyá náà mọ̀. Ó di ẹrù mi, ó ní mo yàgàn. Ẹ̀yin gba ẹrù, ẹ sì gba ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ kò pè mí lórúkọ mìíràn nínú ilé baba mi."

Àṣàkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Àáké ṣì wà lọ́wọ́ Sàláúdéènì, ṣùgbọ́n orí àáké náà ti kanlẹ̀.

"Èjìdé," ló wí, "ọdún mẹ́fà. Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

"Ta ló bi mí, Ẹ̀gbọ́n?"

Sàláúdéènì gbé àáké náà fún Japheth, ó ní kó lọ sọ fún bíríkìlà pé kó má wá mọ́.